Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Àtúnṣe Ilé fún Ìlera Ìdílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti àṣírí ilé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ní ti ìlera, bí òwe náà ti rí gan-an ni kí a gbà á. Ògiri tó lanu ni èkúté ń gbà wọlé. Òrùlé tó lanu ni òjò ń gbà rọ̀ sórí ibùsùn ọmọ. Kànga tí kò ní ìdérí, ẹnu rẹ̀ ló là sílẹ̀ yẹn, àìsàn sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìlera tí mo ń ṣe a máa gbé mi wọ oríṣiríṣi ilé nílùú Ìlọrin: agboolé àtijọ́ tí a fi amọ̀ mọ ní Pàkátà àti Òkèlele, ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn ní Sábó-Òkè, àti fúláàtì ní Táńkẹ̀ àti Gaa-Àkàńbí. Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé bẹ́ẹ̀, mo bá ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà òjò. Ó kó ìgò oògùn ikọ́ mẹ́rin jáde fún mi wò. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, gbogbo èrè ọjà mi ni ikọ́ yìí ń gbé lọ.” Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Mo gbójú sókè. Lókè ibùsùn ọmọ náà gan-an, àjà ti tutù, ó ti yọ àmì rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí ojú ọpọ́n, ohun dúdú bí èédú sì ti hù kiri ara ògiri. Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, láti ìgbà wo ni òrùlé yìí ti ń jò?” Ó ní, “Ó ti tó òjò ọdún mẹ́ta. A kàn máa ń gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ni.”

Nígbà tí káfíńtà gun òkè, ìṣó páànù méjì péré ni ó rí pé ó ti yọ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó iye tí ìyá náà ti ná sórí oògùn. Wọ́n fọ ògiri, wọ́n sì sún ibùsùn kúrò lára rẹ̀. Mo padà lọ síbẹ̀ ní ìgbà òjò tó tẹ̀lé e. Ọmọ náà ṣì ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ó sùn mọ́jú ti lọ. Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni òrùlé ń fà o. Ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé ẹni tó ń wú u lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Síbẹ̀, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí: pé òòlù, ìṣó àti sìmẹ́ǹtì wà lára oògùn ìdílé.

OHUN TÍ ỌDÚN 2017 KỌ́ WA

Ọ̀pọ̀ yín ni yóò rántí àrùn onígbáméjì tó jà ní ìpínlẹ̀ Kwara ní ọdún 2017. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ènìyàn 1,558 ni a fura sí pé àrùn náà mú, àti pé ènìyàn 11 kú. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà kàn: Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin, Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, Gúúsù Ìlọrin, Asà àti Moro. Kò yọ ọmọdé sílẹ̀, kò sì yọ àgbà.

Ìgbẹ́ ènìyàn ni àrùn onígbáméjì ń bá rìn. Láti inú ìgbẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń dé inú omi àti oúnjẹ, kí ó tó dé ẹnu wa. Bí a bá wá wo ọ̀nà tó ń gbà, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tó bàjẹ́ lára ilé: páìpù omi tó lu nínú gọ́tà, kànga tí etí rẹ̀ kò ga, ihò ìdọ̀tí tó ti kún tí ìdérí rẹ̀ sì ti fọ́, gọ́tà tí a kò kó láti ọdún tó kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àtúnṣe ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌGBÀ WO NI KÍ A ṢE É?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà àtúnṣe. Lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ a máa wá pẹ̀lú ìjì, ìjì yìí ló sì máa ń ṣí páànù tí ìṣó rẹ̀ kò dúró mọ́. Ẹni tó bá dúró títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá káfíńtà yóò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn níwájú rẹ̀.

Ètò tún wà nínú iṣẹ́ náà. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ni àkọ́kọ́, àjà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà ilẹ̀, kí a tó wá kan ọ̀dà. Ẹni tó kun ògiri ní ọ̀dà nígbà tí òrùlé ṣì ń jò, owó rẹ̀ ni ó kùn sí ara ògiri, òjò kan ṣoṣo yóò sì fọ̀ ọ́ lọ.

1. ÒRÙLÉ ÀTI ÀJÀ

Ẹ wo abẹ́ òrùlé yín ní ọ̀sán gangan. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé; ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, omi lè gbà ibẹ̀. Ìṣó tó yọ ni kí a kọ́kọ́ wá, nítorí pé òun ló wọ́pọ̀ jù. Bí páànù bá ti dípẹtà tó sì lu, ẹ má ṣe gbé òkúta tàbí táyà lé e. Ìjì lè gbé òkúta náà sọ lu ọmọ tó ń ṣeré nínú àgbàlá.

Ẹ̀yin tí ń gbé ilé àtijọ́, pàápàá àwọn ilé tí a kọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fetí sílẹ̀. Oríṣi páànù àti pátákó àjà kan wà tó nípọn, tó ní àwọ̀ eérú, tó sì máa ń kán bí àwo. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni a ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní odindi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, bí a bá lu ú, tàbí bí a bá ha á, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Eruku yìí lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, bí ti yín kò bá ní àbùkù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a yọ ọ́, kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wọ́n omi sí i dáadáa, kí ó tú u ní odindi, kí a sì gbé àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ má ṣe fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe ààrò tàbí kí ẹ fi fún ọmọ ṣeré.

2. ÒGIRI

Kì í ṣe gbogbo ibi tó sán lára ògiri ni ewu. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí òpin ibi tí sísán náà dé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà wò ó. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, ara ìrẹ́lẹ́ nìkan ló sán. Bí ó bá ti kọjá ìlà, tàbí bí ìka ọwọ́ yín bá lè wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ pa. Ilé náà ń rìn ni. Ẹ pe onílé àti bíríkìlà àgbà kí wọ́n wá wo ìpìlẹ̀, kí ẹ sì kó ibùsùn kúrò lábẹ́ ògiri náà títí tí wọn yóò fi tún un ṣe.

Fún sísán kékeré, ẹ fi ọ̀bẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ gbá eruku inú rẹ̀ kúrò, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ po ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan mọ́ ìwọ̀n iyanrìn mẹ́rin, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà dáadáa. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó má baà tún sán. Ẹ fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, nítorí sìmẹ́ǹtì tútù a máa jó ara. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Bí ilé yín bá jẹ́ ilé amọ̀, ẹ mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ara wọn. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ara amọ̀, ó lè jábọ́ láìpẹ́, omi a sì máa jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Irú amọ̀ tí a fi mọ ilé náà, tí a fi koríko gígé pò, ni kí a fi dí i. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada lè jẹ́ ẹlẹ́rìí mi pé amọ̀ tí a pò dáadáa kì í tètè sán.

Ní ti ọ̀rinrin àti ohun dúdú tó ń hù lára ògiri, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá. Ṣé òrùlé ni? Ṣé páìpù ni? Ṣé iyẹ̀pẹ̀ ni a wọ́ jọ mọ́ ìdí ògiri níta? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí orísun náà, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ògiri náà, kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ó gbẹ. Fífi ọ̀dà bò ó kò lè wò ó sàn. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sùn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Èkúté ńkọ́? Ihò tí báírò bá lè wọ̀, ọmọ èkúté lè gbà á kọjá. Èkúté sì ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ni ewu náà. Ẹ wo ìdí ògiri, ibi tí páìpù gbà wọlé, àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ki wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń fọ ìkòkò sínú ihò náà kí ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì dí i, nítorí eyín èkúté kò ràn án. Ẹ kan pátákó tàbí rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ni kí ó wà nínú ike tàbí agolo tí ìdérí rẹ̀ ṣe déédéé. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi tí a po mọ́ oògùn tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i, kí ẹ tó fi àkísà nù ún.

3. FÈRÈSÉ

Fèrèsé ní iṣẹ́ méjì: kí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀fọn wọlé. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ló máa ń jáde. Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín wò. Ibi tó bá ya, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì mìíràn kí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àlàfo tó wà láàárín òrùlé àti ògiri, nẹ́ẹ̀tì ni kí a kàn sí i dípò kí a dí i pa, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Síbẹ̀, kí gbogbo ẹbí máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, pàápàá aboyún àti ọmọdé.

Ẹ má ṣe fi ọ̀dà lẹ fèrèsé pa, ẹ má sì ṣe fi kọ́bọ́ọ̀dù dí i. Yàrá tí ènìyàn márùn-ún ń sùn sí tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti máa ń tètè ran ènìyàn.

Ní ti irin ojú fèrèsé tí a fi ń dènà olè, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ó kéré tán nínú ilé ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àgádágodo tí a lè ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí gbogbo àgbà inú ilé mọ̀, tí ọmọ ọwọ́ kò sì lè dé. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ ó gbé ọmọ gbà.

4. OMI, KÀNGA ÀTI ILÉ ÌGBẸ́

Páìpù omi tó gba inú gọ́tà kọjá kò gbọdọ̀ ní ojú kankan lára. Nígbà tí omi bá ń bọ̀, omi tó mọ́ ni ó ń jò síta. Ṣùgbọ́n bí omi bá dá, páìpù a máa fa omi gọ́tà wọlé, òun sì ni yóò kọ́kọ́ jáde nígbà tí omi bá tún dé. Rọ́bà tí a fi wé e kò tó. Púlọ́ńbà ni kí ó gé ibẹ̀ kí ó sì so ó tuntun. Bí agbára bá sì wà, kí ó gbé páìpù náà kúrò nínú gọ́tà.

Kànga tó dára ní nǹkan mẹ́rin: etí tó ga tó ìbàdí ọmọdé, kankéré yí i ká tó dagun síta kí omi ìdọ̀tí má baà padà wọ inú rẹ̀, ìdérí tó ṣe déédéé, àti korobá kan ṣoṣo tí kì í fọwọ́ kan ilẹ̀. Láàárín kànga àti ṣalángá, ó yẹ kí ó tó ọgbọ̀n mítà, kí kànga sì wà ní ibi tó ga jù. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, àyè kò gba èyí mọ́. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá sún mọ́ ṣalángá, omi rẹ̀ kì í ṣe fún mímu bí a kò bá sè é. Kí ó hó yaya kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a sì dà á sínú ike tó ní ìdérí.

Ẹ wo ìdérí ihò ìdọ̀tí yín. Bí ó bá ti sán, ọmọdé lè já sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi pátákó bò ó. Kankéré tó ní irin nínú ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Òpó tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára ihò náà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn àti eṣinṣin ń gbà jáde. Nígbà tí ẹ bá ń fọ ilé ìgbẹ́, ẹ má ṣe po oògùn tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ àwo ìgbẹ́ láé. Afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n jọ ń mú jáde.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bá ẹnikẹ́ni nílé, ẹ má ṣe dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé lórí dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ máa fún un mu bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Ọ̀DÀ ÀTI ÒJÉ

Nínú àwọn ọ̀dà kan, pàápàá ọ̀dà àtijọ́ tó ń dán, a máa ń rí òjé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kékeré kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní irínwó ọmọ tí ó kú nítorí òjé tó jáde láti inú òkúta tí àwọn òbí wọn ń fọ́ láti rí wúrà. Eruku ni àwọn ọmọ náà fà símú, tí wọ́n sì jẹ.

Ohun tí èyí fi kọ́ wa nínú ilé ni pé kí a ṣọ́ra fún eruku ọ̀dà. Ẹ má ṣe fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi tutù ú kí ẹ tó ha á, ẹ kó èyí tó jábọ́ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ra ọ̀dà tuntun, ẹ wá èyí tí a kọ sí ara agolo rẹ̀ pé kò ní òjé. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá náà títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ òjé, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Tíròó tí a ń lé sí ojú ọmọ, òjé ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí a ń lé tíròó tí a gbé wá láti ilẹ̀ wa sí lójú. Ojú ọmọ yín rẹwà láìsí i.

6. INÁ ÀTI ÈÉFÍN

Ẹ má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì tó bá jó. Fíúsì náà kú kí ilé má baà jó ni. Ẹni tó bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀ ti yọ olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Súwíìṣì tó bá gbóná tàbí tó ń rùn, ẹ pa á kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná. Ibi tí òrùlé bá ti ń jò sórí wáyà, ẹ pa iná ilé náà láti ibi ìpílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí báńkónì. Ó yẹ kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta. Èéfín náà ní oró tí ojú kò rí tí imú kò sì gbọ́. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì sùn lọ lè má jí mọ́. Bákan náà ni ti ààrò èédú. Ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá lálẹ́ nítorí òtútù ọyẹ́.

ONÍLÉ ÀTI AYÁLÉGBÉ

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá: “Ilé kì í ṣe tèmi, kí ni mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?” Onílé náà a sì ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló bà á jẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì, ọmọ ni àìsàn ń bá. Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹ lọ bá onílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ mú un wá wo ohun tó bàjẹ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Bí ó bá gbà kí ẹ tún un ṣe kí a sì yọ owó náà nínú owó ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Fún ohun tí gbogbo yàrá ń lò, bí kànga àti gọ́tà, ẹ dá àjọ. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti di ẹgbàá mẹ́wàá náírà. Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ilé fọkàn tán láti máa kó owó náà, kí ó sì máa ka ìnáwó síta.

Ẹ YÍ ILÉ YÍN KÁ LÓNÌÍ

Nígbà àtijọ́, ẹ̀rù wolé-wolé ni ó ń mú kí a tọ́jú àyíká. Lónìí, kí olúkúlùkù ìyá di wolé-wolé ilé ara rẹ̀. Ẹ mú bébà àti báírò, kí ẹ yí ilé yín ká, kí ẹ sì bi ara yín léèrè:

Ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti òrùlé?
Ǹjẹ́ ihò kan wà tí báírò yìí lè wọ̀?
Ǹjẹ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ya?
Ǹjẹ́ kànga wa ní ìdérí?
Ǹjẹ́ ìdérí ihò ìdọ̀tí sán?
Ǹjẹ́ fèrèsé kan wà tí a lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́?

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Èyí tó lè pa ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Èyí tó jẹ́ ti ẹwà nìkan lè dúró. Bí owó kò bá tó ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe ẹyọ kan náà lóṣù yìí, kí ẹ mú òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

Ìlú tí a ti ń lọ irin ni àwọn àgbà sọ pé Ìlọrin jẹ́, láti ara òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń pọ́n irinṣẹ́ wọn. Wọn kì í dúró títí iṣẹ́ yóò fi dé kí wọ́n tó pọ́n irin. Kí àwa náà má ṣe dúró dìgbà tí òjò bá ṣú. Aláǹgbá kò ní iṣẹ́ nínú ògiri tí kò lanu.